Ìbéèrè Òǹkàwé Lórí Ọkọ̀: Kí Ni Kóòdù Jíà Ọ́tò Ń Sọ Gan-an?

Lẹ́tà márùn-ún ni mo mú nínú àwọn tí ó wọlé lóṣù yìí láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Gbogbo wọn dá lórí jíà ọ́tò, ìyẹn jíà tí ń pààrọ̀ ara rẹ̀, àti àwọn kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àléébù tí ẹ̀rọ síkáànù máa ń kà jáde láti inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ìdáhùn sí lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ó gùn jù, nítorí pé orí rẹ̀ ni àwọn yòókù dúró lé.

Ìbéèrè láti Ìjẹ̀bú-Òde

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Oníṣòwò gààrí ni mí, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mi ni mo sì fi ń kó ọjà lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nígbà tí mo kù díẹ̀ kí n dé Ṣàgámù, ọkọ̀ náà kò pààrọ̀ jíà mọ́. Ó ń rìn o, ṣùgbọ́n bí mo bá dúró tí mo tún fẹ́ gbéra, ó máa ń wúwo bí ẹni tí wọ́n so òkúta mọ́ lẹ́sẹ̀, bí mo bá sì sáré díẹ̀, ẹ́ńjìnnì a bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì tàn. Wọ́n síkáànù rẹ̀, wọ́n ní P0700 àti P0753 ni ó gbé jáde. Mẹkáníìkì mi ní jíà ti kú, kí n lọ ra tòkunbọ̀ mìíràn. Owó ọjà ni n ó fi rà á. Ṣé òótọ́ ni ó sọ?

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan owó ọjà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nínú kóòdù méjèèjì tí ẹ fi ránṣẹ́, kò sí èyí tí ó sọ pé jíà yín ti kú.

P0700 ni ó máa ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni kò dárúkọ àìsàn kankan. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà tí ó ń darí jíà yàtọ̀ sí èyí tí ó ń darí ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti ẹ́ńjìnnì ni iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì wà. Bí ti jíà bá rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní láti ránṣẹ́ sí ti ẹ́ńjìnnì pé kí ó bá òun tan iná. Iṣẹ́ tí ó rán yẹn ni P0700. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ kan sáré wọlé wá sọ fún yín pé wọ́n ń pè yín ní ẹ̀yìnkùlé: ọmọ náà kò mọ ẹni tí ń pè, kò sì mọ ohun tí ó fẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni ẹ óò lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi P0700 nìkan dá jíà lẹ́jọ́ kò tíì gbọ́ ẹjọ́ rárá.

Bí a ṣe ń ka àwọn kóòdù wọ̀nyí kò ṣòro, ó sì yẹ kí ẹni tí ń san owó mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà P tí ó ṣáájú fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan ẹ́ńjìnnì tàbí jíà. B jẹ́ ti ara ọkọ̀, C jẹ́ ti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bíi bíréèkì, U sì jẹ́ ti ìbánisọ̀rọ̀ láàrin àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀. Òdo tí ó tẹ̀lé P túmọ̀ sí pé kóòdù náà ní ìtumọ̀ kan náà nínú ọkọ̀ gbogbo ilé iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ 1 ni ó tẹ̀lé e, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ ni ó fún un ní ìtumọ̀, ìwé tirẹ̀ ni a sì gbọ́dọ̀ wò. Bí àmì kẹta bá jẹ́ 7 tàbí 8, jíà ni. Òfin Amẹ́ríkà ni ó sọ ìlànà yìí di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti ọdún 1996, Yúróòpù sì tẹ̀lé e ní 2001 fún ọkọ̀ tí ń lo pẹtiróòlù. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ síkáànù kan ṣoṣo fi lè bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ tòkunbọ̀ tí ó wà nílẹ̀ wa sọ̀rọ̀, láti ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́rìndínlógún tí ó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níhà ọ̀dọ̀ dírẹ́bà.

Ó wá ku P0753, èyí tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé iná tí ó ń lọ sí sólẹ́nọ́ìdì A kò lọ bí ó ti yẹ. Sólẹ́nọ́ìdì jẹ́ ẹnu ọ̀nà kékeré kan tí a fi wáyà wé, tí ó wà nínú ọ́ìlì nínú jíà. Bí kọ̀ǹpútà bá fi iná ránṣẹ́ sí i, yóò ṣí ọ̀nà ọ́ìlì tàbí kí ó tì í, bí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn ṣe ń ṣí tí wọ́n ń tì ni ọkọ̀ fi ń bọ́ láti jíà kìíní sí ìkejì, títí dé èyí tí ó kẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà kò lè rí pílétì inú jíà, ìyẹn àwọn àwo pẹlẹbẹ tí ń di jíà kọ̀ọ̀kan mú, kò sì lè gbóòórùn ọ́ìlì. Iná tí ó fi ránṣẹ́ ni ó ń ṣọ́, òun ni ó sì kọ P0753 lé lórí. Àwọn àbúrò kóòdù yìí wà tí wọ́n ń sọ ohun mìíràn: bí ó bá jẹ́ P0751 tàbí P0752 ni wọ́n kà fún yín, ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé iná dé ọ̀dọ̀ sólẹ́nọ́ìdì náà ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé e kò ṣe, ìdọ̀tí inú ọ́ìlì tàbí ohun tí ó há ni à bá sì kọ́kọ́ wá. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó ya iná sọ́tọ̀ kúrò lára ọ́ìlì. Ẹ rí i pé ó yẹ kí a kọ kóòdù sílẹ̀ délẹ̀délẹ̀, kì í ṣe kí a kàn sọ pé "ó ní jíà ni."

Bí ọkọ̀ yín ṣe ń ṣe náà bá èyí mu. Nígbà tí ọkàn kọ̀ǹpútà kò bá balẹ̀ mọ́, yóò dáwọ́ iná dúró lórí àwọn sólẹ́nọ́ìdì, ọ́ìlì fúnra rẹ̀ yóò sì gbé ọkọ̀ sí jíà kan ṣoṣo, tí ó máa ń jẹ́ ìkẹta nínú ọ̀pọ̀ jíà onípele mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ó fi ń wúwo bí ẹ bá ń gbéra, tí ẹ́ńjìnnì sì ń ké bí ẹ bá ń sáré. Wọ́n dá a báyìí kí ẹni tí ó wà lọ́nà lè délé tàbí kí ó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni. Ẹ má fi kó gààrí lọ sí Èkó ní ipò yẹn, nítorí pé ooru tí yóò mú wá lè sọ àléébù kékeré di ńlá.

Rẹ́wáyà tí ó mọ mítà lò ni kí ẹ pè, kì í ṣe ẹni tí yóò sọ jíà kalẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ wo bátìrì, nítorí pé iná tí kò tó máa ń mú kí kọ̀ǹpútà kọ kóòdù tí kò nídìí. Kí ó pa ọkọ̀, kí ó yọ ojú ìsopọ̀ wáyà tí ó wọ ara jíà, kí ó sì wò ó bóyá omi, ọ́ìlì tàbí ìpẹtà aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi mítà wọn ìdènà tí sólẹ́nọ́ìdì A ní sí iná. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota tí ń ná ojú ọ̀nà wa, ti sólẹ́nọ́ìdì tí ń pààrọ̀ jíà máa ń wà láàrin 11 sí 15 ohm nígbà tí ara rẹ̀ bá wà ní nǹkan bí 20°C. Ọkọ̀ mìíràn ní iye tirẹ̀ nínú ìwé ilé iṣẹ́. Bí mítà bá fi hàn pé kò sí ọ̀nà rárá, wáyà inú sólẹ́nọ́ìdì ti já. Bí ó bá sún mọ́ òdo, wáyà ti kan ara wọn. Bí iye rẹ̀ bá sì pé, kí ó lọ wọn ọ̀kan náà láti ojú wáyà tí ó wọ kọ̀ǹpútà. Bí ó bá yàtọ̀ níbẹ̀, wáyà tí ó wà láàrin méjèèjì ni ó ń dà yín láàmú. Ẹ sọ pé ẹ ti rìn títí ẹ fi sún mọ́ Ṣàgámù kí ó tó kọ̀. Ìyẹn ni pé ara jíà ti gbóná dáadáa. Nítorí náà, kí ó tún un wọn nígbà tí jíà bá gbóná, nítorí pé wáyà mìíràn wà tí ó máa ń so pọ̀ nígbà tí ó tutù, tí yóò sì yọwọ́ bí ooru bá dé sí i.

Mo ń sọ èyí pẹ̀lú ìrora, nítorí pé mo ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo sọ jíà ọkọ̀ olùkọ́ kan kalẹ̀ nítorí P0722, èyí tí ó ń sọ pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́ ohùn sẹ́ńsọ̀ tí ń ka bí ẹ̀yìn jíà ṣe ń yí sí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú u, n kò rí nǹkan kan. Nígbà tí mo dá a padà, iná náà tún tàn. Irin tí ó gbé wáyà sẹ́ńsọ̀ náà dúró ni ó ti ń gé e díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rọ́bà rẹ̀, tí kò sì hàn síta. N kò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta tí ó fi wọ ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ kò ṣe é dá padà fún un. Láti ìgbà náà, n kì í fọwọ́ kan bóòtì jíà kí n tó fi mítà tọ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun kan wà tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì lọ́nà láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ rẹ́ni jẹ. Jíà tòkunbọ̀ máa ń wá pẹ̀lú sólẹ́nọ́ìdì tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sólẹ́nọ́ìdì yín ni ó bàjẹ́, iná yóò kú lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé jíà mìíràn sí i, gbogbo yín yóò sì gbà pé ti àkọ́kọ́ ti kú lóòótọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun kékeré kan tí a lè gbà láti abẹ́ àwo ọ́ìlì yọ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, láìsọ jíà kalẹ̀, ni ó nílò pípààrọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ wáyà ni, P0753 yóò padà wá bá yín pẹ̀lú jíà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Ìbéèrè láti Àgọ́-Ìwòyè

Olùkọ́ ni mí. Bí mo bá ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde tí mo sì ń bọ̀, iná kankan kì í tàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bọ́ sí òpópónà márosẹ̀ tí ó lọ sí Bìní, iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì yóò tàn lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, P0741 ni wọ́n sì máa ń kà. Jíà ń wọlé dáadáa. Epo nìkan ni mo rí i pé ó ń jẹ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ kọ́nfátà. Kí ni ẹ rí sí i?

Ìdáhùn

Lẹ́tà yín dùn mọ́ mi, nítorí pé ẹ sọ ibi tí iná ti ń tàn àti ibi tí kì í ti í tàn. Ìdajì iṣẹ́ ni ẹ ti bá wa ṣe.

Kọ́nfátà dúró láàrin ẹ́ńjìnnì àti jíà. Ẹ fọkàn yàwòrán fáànù méjì tí wọ́n kọjú sí ara wọn nínú ọ́ìlì: ẹ́ńjìnnì ń yí ọ̀kan, ọ́ìlì tí ìyẹn ń fẹ́ sì ń ti èkejì. Èyí ni ó jẹ́ kí ọkọ̀ ọ́tò lè dúró níwájú iná ojú pópó láìkú. Ṣùgbọ́n fáànù kejì kì í yá tó ti àkọ́kọ́ tán, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn ni ó sì ń di ooru àti epo tí ó ṣòfò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi kílọ́ọ̀ṣì kan sínú kọ́nfátà, tí yóò so méjèèjì pọ̀ bí eré bá ti dúró sójú kan. P0741 ń sọ pé kọ̀ǹpútà pàṣẹ pé kí kílọ́ọ̀ṣì yẹn dì mú, ṣùgbọ́n ó wò ó pé ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí ju ẹnu àbáwọlé jíà lọ.

Kọ̀ǹpútà kò sì ní pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ àfi bí ara ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tó, tí ọkọ̀ wà ní jíà òkè, tí eré kò lọ sókè sódò, tí ẹsẹ̀ yín kò sì sí lórí bíréèkì. Láàrin Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Òde, pẹ̀lú gegele ojú ọ̀nà àti èrò tí ń já, ó ṣòro kí gbogbo nǹkan wọ̀nyí tó pé lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú òpópónà márosẹ̀ ni wọ́n ti ń pé, ibẹ̀ náà ni àléébù ti ń hàn.

Ẹ wá ẹni tí ẹ̀rọ síkáànù rẹ̀ lè fi ìṣe ọkọ̀ hàn nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, kí ẹnì kejì jókòó tì yín láti máa wò ó. Bí ẹ bá wà ní 90 kìlómítà ní wákàtí kan láìyí ẹsẹ̀ padà, kí ó wo ìyípo ẹ́ńjìnnì àti ìyípo àbáwọlé jíà. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá dì mú, nọ́ńbà méjèèjì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ìyàtọ̀ ọgọ́rùn-ún mélòó kan bá wà láàrin wọn tí kò sì lọ, kóòdù náà sọ òtítọ́. Bí kò bá sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ òsì kan bíréèkì fẹ́ẹ́ láìgbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí tọ́tù, níbi tí kò bá sí ọkọ̀ lẹ́yìn yín. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ti dì mú tẹ́lẹ̀, yóò jọ̀wọ́, ìyípo ẹ́ńjìnnì yóò sì gòkè díẹ̀. Bí kò bá yí padà rárá, kò dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ́nfátà. Ọ́ìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, bí ó bá ti dúdú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí irú èyí tí ilé iṣẹ́ sọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni sólẹ́nọ́ìdì tí ó ń darí kílọ́ọ̀ṣì náà, tí ó lè há nítorí ìdọ̀tí. Bí àléébù bá jẹ́ ti iná rẹ̀, P0740 tàbí P0743 ni à bá rí, nítorí náà wáyà kọ́ ni mo fura sí lọ́dọ̀ yín. Kọ́nfátà ni ó kẹ́yìn, nítorí pé láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, jíà gbọ́dọ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò kan ọkọ̀ yín gan-an, ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́ nípa rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ tẹ́mósítáàtì, ohun tí ń ṣàkóso bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná, kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná, ọkọ̀ kò nílò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún kì í gbóná tó, kọ̀ǹpútà kò sì ní gbà kí kọ́nfátà dì mú. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, P0741 lè má jáde rárá, nítorí pé àṣẹ kò wáyé. P0128, tí ń sọ pé ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó, ni ẹ óò rí. Epo yóò máa jẹ, ooru yóò máa pọ̀ nínú jíà, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó fà á.

Ìbéèrè láti Ṣàgámù

Mo fi ọkọ̀ mi ń gbé èrò. Kóòdù P0731, P0732, P0733 àti P0734 ni wọ́n kà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá fi sí D láàárọ̀, ó máa ń dúró fún ìwọ̀n bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí ó tó gbá mi lọ síwájú. Ọ́ìlì rẹ̀ dúdú, ó sì ń rùn bí ohun tí ó jó. Ọ̀rẹ́ mi kan ní sẹ́ńsọ̀ ni, kí n kàn pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n, ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ní tiyín, jíà fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣàìsàn.

Ìṣirò lásán ni kóòdù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, P0731 fún jíà kìíní títí dé P0734 fún ìkẹrin. Sẹ́ńsọ̀ kan ń ka bí ẹnu àbáwọlé jíà ṣe ń yí, òmíràn ń ka bí ẹnu àbájáde ṣe ń yí, kọ̀ǹpútà yóò sì pín ti àkọ́kọ́ sí ti èkejì. Ẹ jẹ́ kí á gbà pé jíà kìíní ọkọ̀ kan jẹ́ 2.8: bí àbáwọlé bá yí ní ìgbà 2,800 láàrin ìṣẹ́jú kan, àbájáde gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 1,000. Bí kọ̀ǹpútà bá rí 3,400 sí 1,000, ó mọ̀ pé ohun kan ń yọ̀ nínú, yóò sì kọ P0731 sílẹ̀.

Òótọ́ ni pé bí sẹ́ńsọ̀ bá ń purọ́, ìṣirò náà yóò dàrú, ọ̀rẹ́ yín kò sì sọ ìsọkúsọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ni, P0715, P0717, P0720 tàbí P0722 sábà máa ń bá a rìn, ẹni tí ó wà lórí àga dírẹ́bà kì í sì í mọ̀ ọ́n lára pé jíà ń yọ̀. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n lára, imú yín náà sì jẹ́rìí sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó dàrú. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, bíi P0733 nìkan, pílétì tí jíà ìkẹta ń lò ni à bá fura sí. Nígbà tí gbogbo wọn bá yọ̀ pọ̀, ohun tí gbogbo wọn jọ ń pín ni kí á wò, ìyẹn ipá ọ́ìlì: bóyá ọ́ìlì kò tó, bóyá fílítà rẹ̀ ti dí, bóyá póm̀pù kò lè tì í mọ́. Ìdádúró ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tí ẹ ń rí láàárọ̀ bá èyí mu gan-an. Kí ẹ tó gbà kí wọ́n tú u, ẹ ní kí wọ́n so gééjì ipá ọ́ìlì mọ́ ara jíà, kí wọ́n fi ohun tí ó bá sọ wé ìwé ilé iṣẹ́. Bí ipá bá kéré nígbà tí ọ́ìlì pé, ẹ mọ̀ pé títú ni. Nítorí pé ọ́ìlì ti jó, pílétì ti ń lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ́ìlì tuntun nìkan kò ní jí wọn.

Ẹ wo ọ́ìlì náà dáadáa. Bí ó bá funfun mọ́ pupa bí ògì tí wọ́n da epo sí, omi rẹ́díétọ̀ ti wọ inú rẹ̀, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, inú rẹ́díétọ̀ ni ọ́ìlì jíà ń gbà láti tutù. Bí ẹ bá gbé jíà mìíràn sí i láìpààrọ̀ rẹ́díétọ̀ náà, ìyẹn yóò bá ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí a ṣe ń fi ọ̀pá gééjì wo bóyá ọ́ìlì jíà pé yàtọ̀ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Nínú Toyota tí ó ní ọ̀pá gééjì jíà, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń wò ó, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ọwọ́ jíà kan ipò kọ̀ọ̀kan tí ẹ sì dá a padà sí P. Nínú ọ̀pọ̀ Honda, ẹ óò pa ẹ́ńjìnnì, ẹ óò sì wò ó láàrin ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ẹni tí ó bá fi ti ọ̀kan wo èkejì lè da ọ́ìlì kún èyí tí ó ti pé. Bákan náà, pé ọ́ìlì pupa kò sọ pé ó jẹ́ ti ọkọ̀ yín: T-IV àti WS tí Toyota ń lò kì í ṣe ohun kan náà, DW-1 ni ti Honda, jíà CVT, irú jíà ọ́tò tí kò ní ìpele, sì ní ọ́ìlì tirẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fi òmíràn rọ́pò.

Ìbéèrè láti Ìpẹru

Àmì D ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù Honda mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré tí ọmọ mi ń so mọ́ fóònù sọ pé kò sí kóòdù kankan. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn

Ẹ gba àmì D gbọ́. Ṣíṣẹ́jú rẹ̀ ni ọ̀nà tí Honda gbà ń sọ pé kóòdù wà nínú kọ̀ǹpútà jíà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré tí a ń so mọ́ fóònù kò kọjá ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ohun tí kò bá sì sí níbẹ̀, wọn yóò ní kò sí. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè wọ inú ti jíà. Bí ẹ̀rọ tirẹ̀ kò bá tilẹ̀ tàn rárá nígbà tí ó bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ó wo fúùsì ihò tí a fi ń tan sìgá, nítorí pé fúùsì kan náà ni ó ń fún méjèèjì ní iná nínú àwọn ọkọ̀ kan.

Ìbéèrè láti Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mí, mo wà ní ọdún kejì. Bí iná bá tàn, ọ̀gá mi máa ń yọ orí bátìrì títí kóòdù yóò fi lọ. Oníbàárà á lọ pẹ̀lú ayọ̀, á sì padà wá lọ́jọ́ kẹta. Kí ni mo lè ṣe tí kò ní dà bí ẹni pé mo ń kọ́ ọ̀gá mi níṣẹ́?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, o ṣeun tí o ń ronú lórí iṣẹ́ náà, o sì ṣeun tí o ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá rẹ.

Ìdí tí oníbàárà fi ń padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni pé ọ̀pọ̀ kóòdù kì í tan iná ní ìgbà àkọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ láìpariwo, bí ó bá sì tún rí ohun kan náà ní ìrìn kejì, á tan iná. Bí ẹ bá yọ orí bátìrì, kóòdù nìkan kọ́ ni ẹ pa rẹ́. Ẹ pa àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá tí àléébù ṣẹlẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú, ìyẹn eré tí ọkọ̀ wà, ìyípo ẹ́ńjìnnì, àti bí ó ṣe gbóná tó. Ohun tí jíà ti kọ́ nípa ara rẹ̀ náà lọ, ìdí nìyí tí ọkọ̀ mìíràn fi máa ń gbá ènìyàn fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá yọ bátìrì rẹ̀.

Ra ìwé kékeré kan. Bí ọkọ̀ bá wọlé, sọ fún ọ̀gá rẹ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó yọ bátìrì." Kò sí ọ̀gá tí yóò bínú sí ìyẹn. Kọ gbogbo kóòdù pátá, èyí tí ó ti tan iná àti èyí tí kò tíì tàn, kí o sì kọ àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú yẹn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí P0562 tí ń sọ pé iná ọkọ̀ kò tó, tàbí U0101 tí ń sọ pé ohùn kọ̀ǹpútà jíà ti sọnù, bá wà láàrin wọn, àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, nítorí pé wọ́n lè bí àwọn yòókù.

Bí ẹ bá tún un ṣe tán, wo ìwé rẹ kí ẹ tó dá ọkọ̀ náà padà. Bí àkọsílẹ̀ bá sọ pé 95 kìlómítà ní wákàtí kan ni ó ń sá, tí ara ẹ́ńjìnnì sì wà ní 88°C nígbà tí àléébù dé, yíyí ṣọ́ọ̀bù po lẹ́ẹ̀mejì kò lè fi nǹkan kan hàn yín. Kí ọ̀gá rẹ gbé e gba Ìjẹ̀bú-Òde bọ́ sí òpópónà márosẹ̀, kí ó sá a ní irú eré yẹn títí yóò fi gbóná dé ìwọ̀n yẹn, kí ẹ sì tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kí oníbàárà tó san owó.